Àgbo

àgbo, ọ̀rọ̀-orúkọ. Ohùn ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn àárín: à-gbo.

ÌTUMỌ̀

1. Omi tí agbára ewé, egbò, èèpo igi tàbí èso ti wọ inú rẹ̀, tí a ń lò láti tọ́jú ara. A lè mu ún, a lè fi wẹ̀, a sì lè fi pa ara. "Ìyá àgbà gbé ìkòkò àgbo kaná ní ìdájí." "Wọ́n fi àgbo wẹ ọmọ náà kí ó tó sùn."

2. Ewé àti egbò tí a ti kó jọ fún iṣẹ́ yìí, kí omi tó kàn wọ́n. "Ó ra àgbo ibà lọ́wọ́ ẹlẹ́wé-ọmọ, ṣùgbọ́n kò tí ì sè é."

ÌYÀTỌ̀ OHÙN

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni yóò di ẹyọ kan lójú òǹkàwé bí a bá yọ àmì ohùn kúrò. *Àgbo* ni èyí tí à ń ṣàlàyé rẹ̀. *Agbo*, tí sílébù rẹ̀ méjèèjì wà ní ohùn àárín, ni àwọn ènìyàn tí wọ́n pé jọ yí ibì kan ká, bí agbo ijó. *Àgbò*, tí méjèèjì wà ní ohùn ìsàlẹ̀, ni akọ àgùntàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi etí sí sílébù kejì: bí ó bá lọ sílẹ̀, ẹran ni; bí ó bá dúró ní àárín, tí ti ìṣáájú sì wà nílẹ̀, omi ewé ni.

ÀKÍYÈSÍ ÌLÒ

1. Àgbo àti ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e

A máa ń fi ọ̀rọ̀-orúkọ mìíràn tẹ̀ lé àgbo láìsí ọ̀rọ̀ kankan láàárín wọn. Ìbáṣepọ̀ mẹ́ta ni ó lè wà níbẹ̀. Nínú *àgbo ọmọ*, ọmọ ni a ṣe é fún. Nínú *àgbo ibà* àti *àgbo jẹ̀díjẹ̀dí*, àìsàn ni a fẹ́ lé lọ. Nínú *àgbo ewúro*, ewúro ni a fi ṣe é. Ìrísí gírámà kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní, ìmọ̀ nípa ayé sì ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Èdè tí ó bá ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún "ti", "fún" àti "lòdì sí" yóò béèrè pé kí atúmọ̀ yan ọ̀kan, nítorí náà kí ó mọ èyí tí ó ń yàn.

2. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà kò sọ

Àwọn orúkọ oògùn ìbílẹ̀ mìíràn ń sọ bí a ṣe ṣe wọ́n. *Àgúnmu* ni ohun tí a gún, tí a sì ń mu. *Àsèjẹ* ni ohun tí a sè, tí a sì ń jẹ. Ọ̀rọ̀-ìṣe wọn wà nínú wọn, ẹni tí ó bá gbọ́ wọn ti gbọ́ ìlànà díẹ̀. Àgbo kò rí bẹ́ẹ̀. Kí gbólóhùn tí àgbo wà nínú rẹ̀ tó yé wa tán, ohun mẹ́ta ni a ní láti wádìí níbòmíràn: ohun tí a ṣe sí ewé náà, ohun tí a fi yọ agbára rẹ̀, àti ibi tí omi náà ń lọ, yálà ọ̀fun tàbí awọ ara.

Nítorí èyí ni kò fi dára kí a máa túmọ̀ àgbo sí tíì, bí ọ̀pọ̀ atúmọ̀ ṣe ń ṣe. Tíì ní ọ̀nà kan: a da omi gbígbóná lé ewé lórí, a sì mu ún. Bí a bá pe àgbo ní tíì, a ti dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìbéèrè ọ̀kankan nínú wọn.

Ní ti ohun tí a fi ń yọ agbára ewé, omi lásán wà, omidùn wà, èyí tí í ṣe omi kíkan orí ògì, ọtí sì wà. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí inú ọtí kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú èyí tí a rẹ sínú omidùn. Bí atúmọ̀ bá kọ "omi" sí ipò méjèèjì, ó lè fi ọtí lé aboyún, ọmọdé tàbí ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á láyè lọ́wọ́ láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ *omi* fúnra rẹ̀ pàápàá ń béèrè àlàyé. Ní ilé wa ní Arárọ̀mí, ní etíkun Ìlàjẹ, omi òkun kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Bí ìyá àgbà bá sọ pé "bu omi sí i", omi òjò tí a gbè ni wọ́n ní lọ́kàn, wọn kò sì rí ìdí tí ó fi yẹ kí wọ́n sọ ọ́.

3. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá àgbo rìn

Àkójọ yìí tẹ̀ lé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, láti ara igi títí dé inú ife.

*já*: fi ọwọ́ gba ewé kúrò lára ẹ̀ka. "Já efinrin díẹ̀ wá."

*ṣẹ́*: dá ẹ̀ka tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí méjì. "Ó ṣẹ́ ẹ̀ka ewúro kan láti fi gbìn."

*wà*: gbẹ́ ilẹ̀ láti yọ egbò. *bó*: yọ èèpo.

*ṣà*: mú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí a lè yọ èyí tí ó ti rà kúrò. *sá*: tẹ́ sínú oòrùn kí ó gbẹ. Àmì abẹ́ lẹ́tà àti ohùn nìkan ni ó yà wọ́n, ṣùgbọ́n ewé tútù ni ọ̀kan fi sílẹ̀, ewé gbígbẹ ni èkejì.

*rẹ*: fi sínú omi fún ìgbà pípẹ́ láìsí iná. *rẹ́*: fi ọ̀bẹ gé wẹ́wẹ́. "Rẹ ewé náà mọ́jú" àti "rẹ́ ewé náà" jẹ́ àṣẹ méjì.

*rún*: fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fọ́ ewé kí omi rẹ̀ lè máa jáde. *fún*: tẹ ewé tí a ti rún kí omi rẹ̀ lè dà sínú abọ́.

*gún*: fi odó àti ọmọ odó fọ́. *lọ̀*: fi ọlọ tàbí ẹ̀rọ sọ di ìyẹ̀fun tàbí ohun kíkúnná.

*bọ̀*: fi sínú omi gbígbóná fún ìgbà díẹ̀, kí a sì yọ ọ́. *sè*: jẹ́ kí ó hó lórí iná.

*jó*: fi iná sun di dúdú. Ohun tí ó ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe àgbo mọ́, ẹ̀tù ni.

*sẹ́*: fi asẹ́ tàbí aṣọ ya omi kúrò lára gèdẹ̀gẹ́dẹ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí òfin ohùn kan. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tí ó wà ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń bọ́ sí ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. *Sè* di *se ewé*. *Lọ̀* di *lọ ata*. *Gbìn* di *gbin efinrin*. *Wẹ̀* di *wẹ ọmọ*. Bí arọ́pò-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ náà yóò dúró: *sè é, lọ̀ ọ́, gbìn ín*. Ẹni tí ó bá rí "se" nínú ìwé, tí kò sì rí i nínú atúmọ̀, kí ó wá a lábẹ́ *sè*.

4. Ìkìlọ̀ lórí "fún"

*Fún* tí í ṣe títẹ omi jáde àti *fún* tí í ṣe fífi nǹkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní lẹ́tà kan náà, ohùn kan náà. Àmì kò lè yà wọ́n. Àṣìṣe tèmi ni mo fi kọ́ èyí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Mo ṣe ètò kékeré kan tí ó ń sọ ohùn àwọn àgbà ilé wa di àkọsílẹ̀, kí àwọn ọmọ tí ó wà lókè òkun lè kà á ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń gbin ewúro sínú ìkòkò lójú fèrèsé. Ní ìgbà ooru kan, ara ọmọ rẹ̀ ọlọ́sù mẹ́fà sú. Ìyá bàbá mi ránṣẹ́ sí i pé: "Já ewúro, fọ̀ ọ́, fún un dáadáa, kí o wá fi wẹ ọmọ." Ètò mi kọ ọ́ pé kí ó já ewúro, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó fi fún ọmọ dáadáa, lẹ́yìn náà kí ó wẹ̀ ọ́n. Mo kà á kọjá, mo sì fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí ó pè mí: "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣíbí mélòó ni kí n fún un?"

Ìbéèrè yẹn ni ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ omi ewúro tí ẹnìkan kò sọ pé kí ó mu. Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi náà ru àmì ohùn, nítorí ètò mi ń yọ wọ́n kúrò kí wíwá ọ̀rọ̀ lè yá. Mo dá wọn padà, ṣùgbọ́n àṣìṣe náà kò kúrò níbẹ̀. Ohun tí ó yọ ọ́ ni gírámà. *Fún* ti ìfúnni sábà máa ń béèrè ẹni tí ó gbà àti ohun tí a fún un, pẹ̀lú *ní* láàárín: "fún ọmọ ní omi". *Fún* ti títẹ̀ ń béèrè ohun kan ṣoṣo: "fún ewúro". Bí a bá rí *fún* tí *ní* kò tẹ̀ lé, tí ewé kan sì ti ṣáájú rẹ̀ nínú gbólóhùn, kí a kọ́kọ́ rò ó sí títẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ ìlànà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn lè sá fún ewu náà pátápátá bí ó bá kọ "fún omi rẹ̀ jáde".

5. Ewé ẹ̀yìnkùlé àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a mu

Yanrìn àti iyọ̀ kò jẹ́ kí ewé rọrùn láti gbìn ní etíkun. Ní Arárọ̀mí, ọgbà ilé sábà máa ń wà lókè ilẹ̀: nínú abọ́ ìwẹ̀ tí ó ti là, nínú àpò, nínú ọkọ̀ ojú omi tí ó ti gbó tí a kó iyẹ̀pẹ̀ dúdú sí. Irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ṣe é gbé kúrò nígbà tí omi bá ń bọ̀. Ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947 ní etíkun Ìlàjẹ kan náà, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà lọ. Ewé tí kò sí lẹ́yìnkùlé mọ́ kì í pẹ́ di orúkọ lásán lẹ́nu ọmọ, ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ a sì ṣáájú orúkọ náà lọ. Nítorí náà a kọ ewé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ tí ó bá a mu.

*Efinrin*, Ocimum gratissimum. A lè gbìn ín láti ara hóró tàbí ẹ̀ka. Òórùn rẹ̀ wà nínú òróró tí ó máa ń bá oru lọ, thymol sì wà lára ohun tí ó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń rún un, tàbí tí a fi ń dé ìkòkò bí a bá ń sè é. Efinrin ńlá yàtọ̀ sí efinrin wẹ́wẹ́. Kí atúmọ̀ má ṣe pa ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé orúkọ náà jẹ.

*Ewúro*, Vernonia amygdalina. Ẹ̀ka tí a ṣẹ́ ni a ń gún mọ́lẹ̀, yóò sì ta gbòǹgbò. "Fọ ewúro" ní ìtumọ̀ méjì. Bí ọbẹ̀ bá ni, a ń fi ọwọ́ bó o léraléra nínú omi kí ìkorò rẹ̀ lè dín kù, a sì ń da omi náà nù. Bí àgbo bá ni, ìdọ̀tí nìkan ni a ń ṣàn kúrò, nítorí omi kíkorò náà gan-an ni a ń wá.

*Koríko ọba*, Cymbopogon citratus. A ń pín ìdí rẹ̀ láti tún un gbìn. Sísè ni ó bá a mu jù. Àwọn ènìyàn púpọ̀ ń pè é ní ewé tíì, àwọn tí ó ń túmọ̀ orúkọ yìí sì lè ṣì í mú fún ewé tíì tí a ń tà nínú páálí, èyí tí í ṣe igi mìíràn.

*Dongoyárò*, Azadirachta indica. Láti inú èdè Haúsá ni orúkọ náà ti wá, níbi tí ó ti túmọ̀ sí ọmọkùnrin gíga. Igi ńlá ni, kò gba inú abọ́. Sísè ni a ń sè é, àgbo ibà sì ni orúkọ rẹ̀ ti wọ́pọ̀ jù.

*Àbámọ́dá*, Bryophyllum pinnatum. Ewé rẹ̀ kan tí ó bá bọ́ sílẹ̀ yóò hu ọmọ ní etí rẹ̀ yí ká, nítorí náà òun ni ó rọrùn jù láti gbìn. A máa ń fi ewé náà yá iná kí ó lè rọ̀, kí a tó fún omi rẹ̀ jáde.

*Marúgbó*, Clerodendrum volubile. Ewé àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ni, igi tí ń fà ni ó sì jẹ́. Lílọ̀ ni a ń lọ̀ ọ́, ọbẹ̀ dúdú ni ó sì ń dì. A kọ ọ́ síbí nítorí pé àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí oúnjẹ àti bí ìtọ́jú ara pọ̀ nínú gbólóhùn kan. Bí atúmọ̀ bá bá a pàdé, kí ó wo ọ̀rọ̀-ìṣe: bí "jẹ" bá wà níbẹ̀, ọbẹ̀ ni, kì í ṣe àgbo.

6. Ẹ̀rí láti ilẹ̀ Ṣáínà

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀-ìṣe kò tó nǹkan, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ewé kan tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní qinghao. Ní àwọn ọdún 1960, ìjọba ibẹ̀ kó àwọn onímọ̀ jọ láti wá oògùn ibà. Tu Youyou àti àwọn tí ó ń bá ṣiṣẹ́ dán ewé yìí wò, ṣùgbọ́n àbájáde wọn kò dúró lójú kan. Ó padà sí ìwé Ge Hong, oníṣègùn tí ó gbé ayé ní ohun tí ó ju 1,600 ọdún sẹ́yìn. Ge Hong sọ pé kí a rẹ ewé náà sínú omi, kí a fún un, kí a sì mu omi rẹ̀. Kò sọ pé kí a sè é. Tu Youyou wá ronú pé ó lè jẹ́ pé ooru ni ó ń ba agbára ewé náà jẹ́. Ó lo ether, ohun olómi tí ó ń hó ní ìwọ̀n ooru kékeré, ní ọdún 1971 sì ni ohun tí ó yọ jáde ṣẹ́gun kòkòrò ibà lára ẹranko pátápátá. Láti ibẹ̀ ni artemisinin ti wá, tí ó wà nínú oògùn ibà tí ilé ìwòsàn ń lò káàkiri ayé lónìí. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015.

Ká ní akọ̀wé kan láàárín ọdún wọ̀nyẹn ti fi "sè" rọ́pò "fún" nítorí pé ó rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ohun tí ó tọ́ obìnrin náà sọ́nà ì bá ti sọnù. Èyí kò fi hàn pé gbogbo àgbo ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó fi hàn ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ní láti rí ọ̀rọ̀-ìṣe náà bí a ṣe sọ ọ́.

7. Àgbo ní Brazil

Ọ̀rọ̀ náà bá àwọn baba ńlá tí a kó lẹ́rú sọdá òkun. Nínú ẹ̀sìn Candomblé ní Brazil, *abô* ni omi ewé tí a fi ń wẹ̀. Kí ẹni tí ó ń túmọ̀ láti èdè Potogí padà sí Yorùbá mọ̀ pé ìwẹ̀ ni ó borí nínú ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀, nígbà tí mímu jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rò nílé. Pierre Fatumbi Verger tẹ ìwé ńlá kan jáde ní ọdún 1995 lórí ìlò ewé láàárín àwọn Yorùbá, *Ewé* ni àkọlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ìlànà oògùn ní Yorùbá àti Potogí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì wúlò fún atúmọ̀ tí ó fẹ́ rí bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ATÚMỌ̀

Kí o tó túmọ̀ *àgbo*, béèrè pé: Kí ni wọ́n ṣe sí ewé náà? Inú kí ni wọ́n fi í sí? Ṣé mímu ni tàbí wíwẹ̀? Ta ni yóò lò ó, ọmọdé tàbí àgbà? Bí ìwé náà kò bá dáhùn, lo ọ̀rọ̀ gbogboogbò bí "omi ewé ìtọ́jú", tàbí kí o fi *àgbo* sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí o sì ṣàlàyé. Bí ẹni tí ó sọ ọ́ bá wà láàyè, pè é. Ìwé atúmọ̀ kì í ṣe oníṣègùn. Ọmọ tí ibà ń ṣe, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ.

Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó BÁ A TAN

*àgúnmu*: egbò tàbí ewé gbígbẹ tí a gún, tí a ń fi ẹ̀kọ tàbí omi mu. *àsèjẹ*: oúnjẹ tí a sè pọ̀ mọ́ oògùn. *ẹ̀tù*: oògùn tí a jó, tí a sì lọ̀ di ìyẹ̀fun dúdú. *ẹlẹ́wé-ọmọ*: ẹni tí ń ta ewé àti egbò, pàápàá ti ìtọ́jú ọmọ. *lẹ́kùlẹ́jà*: ẹni tí ń ta ohun èlò oògùn gbígbẹ. *rọ̀*: wà ní ìrọ̀rùn, láti inú rẹ̀ ni a ti rí *ara rọ̀ mí*, èsì tí a máa ń retí lẹ́nu ẹni tí ó lo àgbo, àti orúkọ ìlú *Arárọ̀mí*.